Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀? Bí A Ṣe Ń Túmọ̀ Àròyé GDB

Ẹni tó bá ń fi GDB wá àṣìṣe nínú ètò kọ̀ǹpútà yóò tètè rí i pé ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìlà kan tàbí méjì ni yóò tẹ̀ jáde, yóò dákẹ́, yóò sì máa retí àṣẹ mìíràn. Richard Stallman ló kọ́kọ́ kọ ọ́ ní ọdún 1986, inú ìran àwọn ètò tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ ló sì ti wá. Àmọ́ kì í ṣe kíkúrú ọ̀rọ̀ náà ló ń da ènìyàn láàmú jù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹnu GDB nìkan ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń gbà jáde, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó lè jẹ́ iṣẹ́ tí kernel (ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ àti àwọn ètò) rán an nípa ètò tí a ń yẹ̀ wò, ó sì lè jẹ́ pé fáìlì méjì ni kò bára mu. Ẹni tí kò bá mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yóò máa tún ibi tí kò bàjẹ́ ṣe. Nítorí náà, kí a tó béèrè ohun tí ìlà kan ń sọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ín.

Èdè C lórí Linux, pẹ̀lú ẹ̀rọ x86-64, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Lórí ẹ̀rọ ARM, orúkọ àwọn register (àyè kékeré inú ẹ̀rọ tó ń di nọ́ńbà mú) yóò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí GDB ń sọ kò yí padà.

Nígbà tí GDB bá kọ̀ láti ṣe ohun tí a ní kó ṣe

Èyí tó rọrùn jù ni àṣìṣe ìtẹ̀wé. Bí a bá tẹ `brek main`, èsì tí a óò gbà ni:

```
Undefined command: "brek".  Try "help".
```

Kò sí ohun tó ṣe ètò wa. Ìka wa ló ṣìnà. Ẹ tún un tẹ̀, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Àwọn mẹ́ta kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ohun kan náà ló wà nídìí wọn:

```
The program is not being run.
No stack.
The program has no registers now.
```

Ohun tí gbogbo wọn ń sọ ni pé kò sí ètò kankan tó wà láàyè báyìí tí GDB lè bi ní ìbéèrè. Bí a kò bá tíì tẹ `run` tàbí `start`, a ti rí ìdí rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá sì dá wa lójú pé a ti tẹ̀ ẹ́, a jẹ́ pé ètò náà ti sáré dé òpin láì dúró níbi tí a fẹ́. Ẹ wo òkè díẹ̀, ẹ óò rí ìlà tó jọ èyí:

```
[Inferior 1 (process 4127) exited with code 012]
```

“Inferior” kì í ṣe èébú níhìn-ín. Orúkọ tí GDB fi ń pe ètò tó ń ṣọ́ ni, ó sì fún un ní nọ́ńbà nítorí pé ó lè ṣọ́ ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ nínú ìlà yìí ni nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn. Ìṣirò onímẹ́jọ ni GDB fi ń kọ ọ́, kì í ṣe onímẹ́wàá tí a mọ̀, nítorí náà 012 yẹn kì í ṣe méjìlá, mẹ́wàá ni. Bí kóòdù wa bá sọ pé `return 255`, 0377 ni a óò rí. Èmi náà ti wá `exit(12)` kiri nínú fáìlì gígùn kan rí títí ó fi sú mi, tí n kò sì rí i, nítorí pé kò sí níbẹ̀ rárá.

Orúkọ tí GDB kò rí

```
No symbol "iye" in current context.
No symbol table is loaded.  Use the "file" command.
```

Ìlà méjèèjì yìí jọra lójú, ṣùgbọ́n àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nínú ti àkọ́kọ́, “in current context” ni ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó: GDB lè mọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ, ṣùgbọ́n nínú function (apá kóòdù tó ní orúkọ tirẹ̀) tó dúró sí lọ́wọ́lọ́wọ́, kò sí èyí tí à ń béèrè. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ètò bá dúró sínú function kan tí kì í ṣe tiwa, bíi `strlen`, tí a sì ń béèrè ohun tó wà nínú `main`. Ẹ tẹ `bt` kí ẹ lè rí bí àwọn function ṣe pe ara wọn, láti orí èyí tó kẹ́yìn dé orí èyí tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi `up` tàbí `frame 2` gòkè lọ síbi tí orúkọ náà ń gbé, kí ẹ tún béèrè. Bí ó bá ṣì kọ̀, ó ṣeé ṣe kí a má ṣe compile fáìlì náà (ìyẹn, kí a sọ kóòdù di ètò tó lè ṣiṣẹ́) pẹ̀lú `-g`, tó ń fi ìsọfúnni nípa kóòdù sínú ètò.

Ti ìkejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. GDB kò ní àkójọ orúkọ kankan lọ́wọ́ tó lè wò, yálà nítorí pé a ṣí i láì fún un ní ètò, tàbí nítorí pé ètò tí a fún un kò gbé ìsọfúnni nípa kóòdù dání. Ó sábà máa ń ti sọ èyí fún wa nígbà tí a kọ́kọ́ ṣí i, pẹ̀lú ìlà kékeré kan tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà: `(No debugging symbols found in ./kika)`. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a tún ètò náà compile báyìí:

```
gcc -g -O0 -o kika kika.c
```

Bí a kò bá ní kóòdù rẹ̀ lọ́wọ́, a ṣì lè ṣe iṣẹ́, àfi kí a ṣọ́ra fún `next`. Lórí ètò tí kò ní ìsọfúnni nípa ìlà, GDB yóò kìlọ̀ pé “Single stepping until exit from function main, which has no line number information”, ohun tó sì ń sọ ni pé `next` kan ṣoṣo yẹn yóò sáré gba inú gbogbo `main` kọjá. Nínú irú ipò yìí, `nexti` àti `stepi` ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kọ́kọ́ tẹ `display/i $pc` kí ó lè máa fi ìtọ́ni ẹ̀rọ tó kàn hàn yín ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

`<optimized out>` kò sí lára àṣìṣe rárá. Compiler ló ti rí i pé òun lè ṣe iṣẹ́ náà láì fi variable (orúkọ tó ń di iye mú) yẹn pamọ́ síbì kankan mọ́, GDB sì ń sọ òótọ́ fún wa pé kò sí ohun tí òun lè kà. Ẹ fi `-O0` tàbí `-Og` compile, tàbí kí ẹ lọ wo function tó pè é, bóyá ẹ óò rí iye náà níbẹ̀.

Èyí tó lè gba gbogbo ọ̀sán lọ́wọ́ ènìyàn kì í tilẹ̀ dún bí àṣìṣe. Bí a bá fẹ́ kí ètò dúró ní function `apapo`, tí a wá ṣèèṣì tẹ `break apapoo`, GDB yóò béèrè pé:

```
Function "apapoo" not defined.
Make breakpoint pending on future shared library load? (y or [n])
```

Ó ń ro pé bóyá function náà yóò dé nígbà tí ètò bá gbé library kan (àkójọ function tí a ti kọ tẹ́lẹ̀) wọlé. Bí a bá kù gìrì dáhùn `y`, breakpoint náà (ibi tí a ní kí ètò dúró) yóò wà níbẹ̀, yóò máa dúró de orúkọ tí kò ní dé láéláé, ètò yóò sì kọjá lọ. Bí breakpoint yín kò bá ṣiṣẹ́, `info breakpoints` ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀. Èyí tí ẹ bá rí `<PENDING>` níwájú rẹ̀, ẹ wo lẹ́tà orúkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ tí kernel rán

Ẹ jẹ́ kí a wo ètò kékeré yìí. A fẹ́ kó ṣírò àpapọ̀ àwọn nọ́ńbà tó so mọ́ ara wọn:

```
 8  long apapo(struct oju *o)
 9  {
10      long a = 0;
11      while (o->tele) {
12          a += o->iye;
13          o = o->tele;
14      }
15      return a;
16  }
```

`struct oju` ní ohun méjì nínú: `long iye`, lẹ́yìn náà `struct oju *tele`. Bí `main` bá pe `apapo(NULL)`, ohun tí a óò rí nínú GDB nìyí:

```
Program received signal SIGSEGV, Segmentation fault.
0x000055555555517a in apapo (o=0x0) at kika.c:11
11          while (o->tele) {
```

GDB kọ́ ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Ìránṣẹ́ lásán ni. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló kọ̀ láti kà àdírẹ́sì kan, kernel fi signal (ìkìlọ̀ kúkúrú) SIGSEGV ránṣẹ́ sí ètò náà, GDB sì gbà á lọ́nà kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ìdí rèé tí ó fi sọ pé “received”, tí kò sọ pé “terminated”. Nígbà tí ó bá sọ pé “received”, ètò náà ṣì wà láàyè, ó dúró gbagidi síbi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, a sì lè bi í ní ohun gbogbo. Bí a bá tẹ `continue` pẹ́rẹ́n, signal náà yóò dé ọwọ́ ètò, GDB yóò wá sọ pé “Program terminated with signal SIGSEGV”, yóò sì fi kún un pé “The program no longer exists.” Ìgbà yẹn, ẹ̀pa ò bóró mọ́, àfi kí a tún un bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó tẹ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a bi ètò náà léèrè:

```
(gdb) p *o
Cannot access memory at address 0x0
(gdb) x/i $pc
=> 0x55555555517a <apapo+49>:  mov    0x8(%rax),%rax
(gdb) p $rax
$1 = 0
(gdb) p $_siginfo._sifields._sigfault.si_addr
$2 = (void *) 0x8
```

Ẹ kíyè sí i pé “Cannot access memory at address 0x0” jẹ́ ọ̀rọ̀ GDB fúnra rẹ̀: àwa la ní kó ka àdírẹ́sì òdo, kò sì rí i kà. Kì í ṣe pé ètò náà tún kú lẹ́ẹ̀kejì. Àdírẹ́sì tí ètò náà gan-an fọwọ́ kàn ni èyí tó wà lábẹ́ `si_addr`, 0x8 ni, kì í ṣe òdo. Kí ló fà á? Nítorí pé `iye` ti gba báìtì mẹ́jọ àkọ́kọ́ nínú `struct oju`, `tele` sì bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹjọ. Ìtọ́ni ẹ̀rọ náà ń wí pé kí a mú ohun tó wà nínú `rax`, kí a fi mẹ́jọ kún un, kí a sì ka ibẹ̀. Òdo ló sì wà nínú `rax`. Èyí ni mo fi gbà pé àdírẹ́sì kékeré bíi 0x8, 0x10 tàbí 0x28 máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀rí pé pointer òfìfo kan (variable tó yẹ kó di àdírẹ́sì mú, tó sì jẹ́ òdo) wà nídìí ọ̀rọ̀, àti pé nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ń sọ apá tí a fẹ́ kà nínú struct. Àtúnṣe ibí yìí ni kí ìlà 11 yẹ `o` fúnra rẹ̀ wò dípò `o->tele`, èyí tí yóò tún mú kí nọ́ńbà tó kẹ́yìn wọ inú àpapọ̀. Ìlà náà kò kà á tẹ́lẹ̀.

Àwọn signal yòókù kò nílò àlàyé tó bẹ́ẹ̀. SIGABRT túmọ̀ sí pé ètò náà pa ara rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ nítorí `assert` tó já tàbí `free` lẹ́ẹ̀mejì. Bí GDB bá sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé òun kò rí fáìlì `raise.c` tàbí `pthread_kill.c`, ẹ má wá a: kóòdù inú glibc (library èdè C lórí Linux) ni, tí kò sí lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ fi `up` gòkè títí ẹ óò fi kan function tí ẹ̀yin kọ. SIGFPE ní orúkọ tó ń ṣini lọ́nà, nítorí pé pípín nọ́ńbà odidi pẹ̀lú òdo ló sábà máa ń fà á, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà onídẹ́símà. SIGINT ni ti Ctrl-C tí àwa fúnra wa tẹ̀.

Nígbà tí stack bá bàjẹ́

```
#0  0x0000555555555193 in gba () at oro.c:9
#1  0x4141414141414141 in ?? ()
#2  0x4141414141414141 in ?? ()
Backtrace stopped: Cannot access memory at address 0x4141414141414149
```

Àmì `??` ń sọ pé GDB kò mọ function tó ni àdírẹ́sì yẹn. Bí àdírẹ́sì náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x7ffff7, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ library kan tí kò ní symbol (orúkọ inú kóòdù), kò sì sí ewu; `info sharedlibrary` yóò fi èyí hàn. Ṣùgbọ́n 0x41 ni lẹ́tà A nínú ASCII. Ètò kan ti kọ ọ̀rọ̀ tó gùn ju àyè rẹ̀ lọ, ọ̀wọ́ lẹ́tà A ṣàn kọjá, ó sì bo àdírẹ́sì tí function yẹ kó padà sí, èyí tó wà nínú stack, ibi ìrántí tí àwọn function ń to ìsọfúnni wọn sí. Ẹ tẹ `x/i $pc`, ẹ óò rí i pé orí ìtọ́ni `ret` gan-an ni ètò náà dúró sí, nítorí pé àdírẹ́sì yẹn kò bófin mu lórí x86-64, ẹ̀rọ kò sì gbà láti fò lọ síbẹ̀. `x/gx $rsp` yóò sì fi àwọn lẹ́tà A náà hàn yín. Ní irú ipò yìí, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohunkóhun tó wà lábẹ́ #0, nítorí pé inú stack tó ti bàjẹ́ ni GDB ti ń kà á. Gbólóhùn “previous frame inner to this frame (corrupt stack?)” wà nínú ẹbí kan náà. Àmì ìbéèrè inú rẹ̀ sì tọ́, nítorí pé GDB náà kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ fi `-fsanitize=address` tún ètò náà compile, kí ó lè mú ẹni tó kọ̀wé kọjá ààlà ní ibi tó ti ń kọ ọ́, dípò ibi tí àbájáde rẹ̀ ti hàn.

Breakpoint tí kò wọlé

Ìgbà kan wà tí mo ka àdírẹ́sì kan nínú `objdump -d`, àṣẹ tó ń fi ìtọ́ni ẹ̀rọ inú fáìlì hàn, tí mo sì tẹ `break *0x117a` kí n tó tẹ `run`. Èsì tó wá nìyí:

```
Warning:
Cannot insert breakpoint 1.
Cannot access memory at address 0x117a
```

Mo rò pé GDB mi ló bàjẹ́. Mo yọ ọ́ kúrò, mo tún fi í sí i, ìlà kan náà ló tún jáde. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀dà Linux òde òní máa ń compile ètò ní irú èyí tó lè gbé ibikíbi nínú ìrántí kọ̀ǹpútà. 0x117a tó wà nínú fáìlì jẹ́ ìwọ̀n jíjìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀ ètò, kò sì tíì di àdírẹ́sì títí ètò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Nínú GDB, tí ó máa ń pa ìdàrúdàpọ̀ àdírẹ́sì (bí Linux ṣe ń yí ìbẹ̀rẹ̀ ètò padà ní gbogbo ìgbà) tì, ìbẹ̀rẹ̀ náà sábà máa ń jẹ́ 0x555555554000 lórí x86-64. Ẹ ro ó pọ̀ mọ́ 0x117a: 0x55555555517a ni, àdírẹ́sì tí a rí lókè gan-an. Ẹ tẹ `starti`, ẹ wo `info proc mappings` kí ìbẹ̀rẹ̀ náà lè dá yín lójú, kí ẹ tó fi breakpoint síbẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fi `delete 1` pa á rẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní jẹ́ kí ètò náà rìn.

Fáìlì tí kò bára mu

Core file jẹ́ àwòrán ìrántí ètò ní ìṣẹ́jú tó kú. Bí a bá ṣí i pẹ̀lú `gdb ./kika core`, tí a sì rí “warning: exec file is newer than core file.”, a ti tún ètò náà compile lẹ́yìn tó kú. Ìkìlọ̀ lásán ni, GDB yóò máa bá iṣẹ́ lọ, ibẹ̀ sì ni ewu rẹ̀ wà: nọ́ńbà ìlà tí yóò máa fi hàn yóò jẹ́ ti kóòdù tuntun, nígbà tí àdírẹ́sì jẹ́ ti àtijọ́, a ó sì máa rí function tó “kú” sórí ìlà òfìfo. Ẹ fi `eu-unstrip -n --core=core` wo BuildID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀dà ètò) tó wà nínú core, ẹ fi `file kika` wo ti ètò tó wà lọ́wọ́ yín; bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ wá ẹ̀dà àtijọ́ náà jáde.

Ti “Dwarf Error: wrong version in compilation unit header (is 5, should be 2, 3, or 4)” yàtọ̀. Compiler yín ló kéré lọ́jọ́ orí ju GDB yín lọ. Láti GCC 11 tó jáde ní ọdún 2021 ni DWARF 5 (ẹ̀dà kan lára ìlànà tí compiler fi ń kọ ìsọfúnni nípa kóòdù sínú ètò) ti di ohun tí ó ń kọ láì jẹ́ pé a sọ fún un, GDB àtijọ́ kò sì gbọ́ èdè yẹn. Ẹ gba GDB tuntun, tàbí kí ẹ fi `-gdwarf-4` compile.

Àìní àṣẹ

Bí a bá fẹ́ so GDB mọ́ ètò tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú `gdb -p 4127`, a lè rí “ptrace: Operation not permitted.” Kernel ló kọ̀ fún GDB. Ẹ ka fáìlì `/proc/sys/kernel/yama/ptrace_scope`. Bí 1 bá wà níbẹ̀, a kò lè so mọ́ ètò tí kì í ṣe GDB wa ló bí i, àfi bí ètò náà fúnra rẹ̀ bá gbà á láàyè tàbí bí a bá lo `sudo`. 2 ń béèrè àṣẹ alábòójútó ní gbogbo ìgbà. 3 ti ilẹ̀kùn pátápátá, kò sì ṣeé yí padà títí a ó fi tún kọ̀ǹpútà náà tàn. Nínú container (àyè àdádó tí ètò ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀), “Error disabling address space randomization: Operation not permitted” kò fẹ́ kí a dúró, àdírẹ́sì yóò kàn máa yí padà ní gbogbo ìgbà tí a bá tẹ `run`, `set disable-randomization off` yóò sì mú ìkìlọ̀ náà kúrò.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti lo `sudo` tó ṣì kọ̀, ẹ wo bóyá ìlà kan wà lókè rẹ̀ tó sọ pé “process 4127 is already traced by process 4090”. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè máa ṣọ́ ètò kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tẹ `grep TracerPid /proc/4127/status` kí ẹ lè mọ nọ́ńbà ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, `strace` (ètò tó ń ṣọ́ bí ètò mìíràn ṣe ń bá kernel sọ̀rọ̀) tí a gbàgbé sínú fèrèsé mìíràn ni, tàbí GDB àná tí a kò tíì tẹ `detach` sí.